Fíìmù Tó Ń Dá Máṣíìnì Mi Dúró

Ọmọ Katsina ni ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Kubwa yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abuja. Ó ti mọ bí a ṣe ń gé búbá, ó mọ bí a ṣe ń tẹ́ ọrùn léèsì kó má fà, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ jókòó" àti "owó dà?" Bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi kì í sọ èdè míì ju Yorùbá lọ láti àárọ̀ títí mo fi ń ti ilẹ̀kùn. Òyìnbó tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù sì máa ń sáré kọjá kó tó kà á dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú márùn-ún kì í fi í kọjá kí n má gbọ́ "Àǹtí, me ya ce?" Kí ló wí? Èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa. Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kún ibẹ̀ bámúbámú, nítorí náà Hausa kì í ṣe wàhálà mi.

Níbi ìtumọ̀ yẹn ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fíìmù. Èyí tí mo bá ń túmọ̀ tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń wa máṣíìnì lọ geere, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò wúwo. Àmọ́ bí wọ́n bá sọ ohun kan tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, tí mo yọ gíláàsì ojú, tí mo wá ń wo àjà bí ẹni tí abẹ́rẹ́ sọnù mọ́ lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló kọ ọ́.

Ẹ wo Jagun Jagun tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2023. Owó wà níbẹ̀, òógùn wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Lateef Adédiméjì ṣe Gbọ́tìjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ó sì ṣe é dáadáa. Fẹ́mi Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ògúndìjì, jagunjagun tí ẹ̀rù ọmọdé ń bà. Búláòsì ànkárá méjì ni mo rán tán kí ogun wọn tó parí. Ọmọ iṣẹ́ mi kò bi mí ní nǹkan ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Kí ló fẹ́ béèrè? Ẹni tí wọ́n fi idà lé, eré ló ń sá. Hausa ń sá a bẹ́ẹ̀, Yorùbá náà ń sá a bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbádùn ẹ̀ ju gbogbo èyí tí a ti jọ wò lọ. Mo ní ó dáa, kó yáa lọ ìró oníbàárà.

Aṣọ nìkan ló máa ń dá mi dúró nínú àwọn fíìmù ọba àti ogun tó pọ̀ lóde báyìí. Ojú télọ̀ kò ṣeé dí. Mo ti rí kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí olorì yí ẹ̀yìn padà tí sípù ń kọ mànà lẹ́yìn búbá rẹ̀. Ayé ìgbà tí òyìnbó ò tíì dé! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà sẹ́yìn kó lè dá mi lójú.

Ní ti House of Ga'a, èyí tí Bọ̀láńlé Austen-Peters ṣe ní 2024, mo ti ń retí ẹ̀ láti kékeré. Ta ni wọn ò fi Gáà bá wí nílé wa? "Bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́." Bàbá mi máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá jẹ ẹ́ lówó ọjà. Baṣọ̀run tó ń yọ ọba Ọ̀yọ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún, títí Abíọ́dún fi rẹ́yìn ẹ̀ ní 1774, ìtàn tó tó fíìmù mẹ́ta ni. Fẹ́mi Branch ló ṣe Gáà, ojú ẹ̀ nìkan tó í pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Síbẹ̀, nígbà tó parí tí ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún òun, òwe yẹn ni mo túmọ̀, kò sì ku nǹkan kan. Ó dùn mí díẹ̀. Odidi fíìmù kò yẹ kó ṣeé kó sínú ohun tí bàbá mi fi ń gba gbèsè.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la tíì lọ sí sinimá nígboro Abuja nítorí fíìmù Yorùbá. Àwa mẹ́rin la débẹ̀. Wọ́n ní a ò pọ̀ tó, kí a lọ wo èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn fúnra wọn ní yàrá kejì. Owó ọkọ̀ láti Kubwa, lọ àti bọ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́ gbé.

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyàn, 2022, òun ló da òṣùwọ̀n mi rú. Mi ò fẹ́ràn Sàró rárá, ọkùnrin tí obìnrin yọ nínú ikú, tó tún wá ń fẹ́ ìyàwó lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, mò ń túmọ̀ ẹ̀ bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Àmọ́ Arólákẹ́ tí Bimbo Ademoye ṣe! Òun ló gba kèrègbè tó ń jí òkú mọ́ ẹyẹ àkàlà lọ́wọ́, òun náà ló jókòó tó ń wo bí ọkùnrin ṣe ń gbàgbé. Ó kàn ń wò ó ni, kò sọ nǹkan kan. Máṣíìnì mi ti dúró kí n tó mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kò béèrè kí ló wí. Ó mi orí, ó ní, "Haka maza suke." Bí ọkùnrin ṣe rí nìyẹn. Mo ní ìwọ ọmọ ogún ọdún, níbo lo ti mọ̀ ọ́n? Kò dá mi lóhùn.

Elẹ́ṣin Ọba jáde lọ́dún yẹn kan náà, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ pé ojú àánú ni mo fi ń wò ó. Bíyì Bándélé tó darí rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan ní 1967 ni, ọmọ òkè Ọya bíi tiwa. Ó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, fíìmù rẹ̀ kò tíì dé iwájú èrò. Òyìnbó ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré tí fíìmù náà ti wá, Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975, Bándélé wá mú un padà sí Yorùbá. Ibì kan wà tó dùn mọ̀rànìn-mọranin, ibì kan sì wà tí Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, aṣọ kankan kò kúrò nílẹ̀. Mo ní Elẹ́ṣin. Ó ní, "Sarkin Dawaki ke nan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oyè yẹn ṣì wà láàfin Kánò. Mo ní ọba ti wàjà, Elẹ́ṣin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ó ní lọ síbo? Mo ní kó kú. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Sarkin Dawaki? Kí ló ṣe?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan, oyè ẹ̀ ni. Ó ní a jẹ́ pé wọn ò sọ fún un kó tó jẹ ẹ́. Mo ní wọ́n sọ fún un. Ó ní, ó mọ̀, ó sì jẹ ẹ́? Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi í joyè.

Ti àtijọ́ ńkọ́? Mi ò sí lára àwọn tó ní gbogbo ohun àná ló dáa. Ayé tí Ògúndé ṣe ní 1979, gbọ̀ngàn kan ní Sabon Gari ni bàbá mi ti sanwó fún wa, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣì ń fi Mother India hàn bí ẹni pé 1957 tó jáde kò tíì kọjá. Nígbà tí àwọn àjẹ́ yọ, abẹ́ ìjókòó ni mo wà. Mo tún un wò láìpẹ́ yìí, àwọn àjẹ́ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Ògúndé fúnra rẹ̀, tó ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá, bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé ó ń gbàdúrà. Ojú tì mí. Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá, 1982, kásẹ́ẹ̀tì tí olè dà kọ la fi wò ó nílé. A ò mọ̀ pé irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ló ń ti ọkùnrin náà sínú gbèsè. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ó wá ku Saworoidẹ. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbé e sí i, n kò rán nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Lápité kọ̀, kò sín gbẹ́rẹ́ oyè, ó fi tipátipá gba adé Jogbo. Àwọn ìjòyè ń gbowó lọ́wọ́ agégẹdú, igbó ń tán. Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ òótọ́ bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ kan ń gbà mí ní Hausa mẹ́rin. Kúnlé Afọláyàn wà níbẹ̀, ọmọ ọba ló ṣe, ọ̀dọ́ ṣì ni. Ìgbà tó yá, sójà kan pa Lápité, ó gbé adé lé orí ara rẹ̀. Ẹ rántí, ọdún tí sójà gbéjọba sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wò ó ní Kánò.

Ìlù saworoidẹ dún, ìlù tí í pa ọba tó dé adé láìsín gbẹ́rẹ́ oyè, sójà gbá orí mú. Ọmọ iṣẹ́ mi rọra ní, "Àǹtí, kalangun fa, me ya ce?" Ìlù yẹn ńkọ́, kí ló wí?

Mo lanu. Èmi tí mo ti ń pe fíìmù tuntun ní aláìlọ́rọ̀ láti oṣù yìí wá. Mo mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ibi tó ti lọ sókè àti ibi tó ti wálẹ̀, àmọ́ etí Sabon Gari kò gbọ́ ìlù. Mo dá a padà. Mo tún dá a padà. Ni mo bá pe bàbá kékeré mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Bí afẹ́fẹ́ ló ń ṣe létí mi, bá mi tún un gbé sí i." Mo gbé e sí i. Bí sójà ṣe ń gbé adé sókè báyìí, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo.

Bàbá kékeré ṣì wà lórí fóònù. "Hàlóò? Ṣé ó ti kú?"

"Ta ni, bàbá?"

"Ọba yẹn."