Omi tí ẹ̀rọ asẹ́mi ń dà nù

Ẹ̀rọ asẹ́mi abẹ́ síńkì wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní reverse osmosis, ń da omi nù ju èyí tó ń fún wa mu lọ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, lítà 3 tàbí 4 ló ń lọ sí gọ́tà kí lítà 1 tó jáde. Ní Lẹ́kí níbí, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ la fi ń fa omi, ó ń dùn mí dọ́kàn.

Inú kẹ́ẹ̀gì ni mo darí páìpù ìdanù náà sí. Omi ọ̀hún mọ́ lójú, kò rùn, ṣùgbọ́n gbogbo iyọ̀ tí awọ tín-ín-rín inú ẹ̀rọ kò jẹ́ kó kọjá ló kóra jọ síbẹ̀. Kò ṣeé mu rárá o! A fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a fi ń nulẹ̀. N kì í fi fọ ọkọ̀, torí bó bá gbẹ, àmì funfun ló ń fi sára gíláàsì.

Màmá mi fẹ́ máa bu ú sídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wọn. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi omi òjò là á.” Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, etí ewé ló kọ́kọ́ ń gbẹ. Lásìkò òjò, ìyẹn ò le. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra.