Ẹ má fi bóòtù fa férémù gíláàsì iwájú

Gíláàsì méjì ni mo fọ́ kí n tó gbọ́n. Èyí àkọ́kọ́ fọ́ lójú ọ̀nà, mo ti Kábà ń lọ sí Ìyàrá. Kò sí òkúta tó bà á, n kò sì sáré. Ọkọ̀ kó sí kòtò kékeré kan báyìí, mo gbọ́ "kẹ̀ẹ́", ni ìlà kan bá ti igun ìsàlẹ̀ gun òkè lọ bí aláǹgbá tó ń gun ògiri.

Ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ṣe ọkọ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975. Ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ṣásì rẹ̀, irin ìsàlẹ̀ tó gbé ọkọ̀ dúró, dára. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà bá mi ra ara ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe, irú èyí tí Bruce Meyers bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1964: ọkọ̀ pẹ́pẹ́ tí kò lórùlé, tí a ń gbé ka ṣásì ìjàpá lẹ́yìn tí a bá ti gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36 kúrò láàárín rẹ̀. Gbogbo ayé ló rò pé gígé ṣásì ni yóò dà mí láàmú. Rárá o. Wẹ́dà mi parí ẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Férémù gíláàsì, tí ọmọdé lè gbé, ló gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ́ fáíbà sínú mọ́ọ̀dù. Bó bá ti ń gbẹ ló ń sún kì, nígbà mìíràn a sì lọ́ díẹ̀. Lára tèmi, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fi mìlímítà 6 ga ju òsì lọ. Férémù alumíníọ́mù ní tirẹ̀ gún régé. Nígbà tí mo gbé e lé e, ẹsẹ̀ kan jókòó, èkejì rọ̀ sókè. Mo ní kò burú, bóòtù á fà á wálẹ̀. Ó sì wálẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, férémù lọ́, gíláàsì pẹrẹsẹ kò sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ́. Kòtò ló kù tó ń dúró dè.

Èkejì, ìwà ahun mi ló fọ́ ọ. Mo rí gíláàsì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tú, mo gbé e lọ kí wọ́n gé e. Ẹni tó ń gé gíláàsì ní, "Ọ̀gá, èyí ò ṣeé gé o." Mo ní kó ṣáà gé e. Ó fọ́ yángá, ó dà sílẹ̀ bí iyọ̀ oníhóró. Irú èyí, iná ni wọ́n fi mú un le. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, kò gba abẹ mọ́. Èyí tí ẹ ń wá fún iwájú ọkọ̀ ni oníbejì, tó ní ọ̀rá láàárín. Ìyẹn ṣeé gé, bó bá sì fọ́ lójú ọ̀nà, kò ní tú dà sí yín lójú.

Bàbá káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló là mí lójú. Mo kí i, "Okun o, Bàbá." Kò tilẹ̀ wojú mi, férémù ló ń wò. Ó na okùn láti igun òkè ọ̀tún dé ìsàlẹ̀ òsì, ó ta kókó sí i, ó wá na okùn kan náà sí igun méjì yòókù. Kókó fi ìbú ìka kan kọjá.

"Ta ló lọ́ ọ?"

"Bóòtù ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí.

Nítorí náà, ẹ gbé férémù lé e láìsí bóòtù kankan. Ẹ fi rọ́bà tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dí ibi tó bá là, títí yóò fi jókòó fúnra rẹ̀, kí okùn láti igun sí igun ní ọ̀nà méjèèjì sì dọ́gba. Ibi tó là yẹn, fáíbà ni kí ẹ fi dí i nígbẹ̀yìn. Kí ẹ tó lu ihò kan, ẹ de àga àti sítíárìn, kí ẹ jókòó. N kò ṣe èyí. Irin òkè wá dábùú ojú mi gan-an, n kò rí nǹkan kan àfi kí n tẹrí ba bí ìyàwó tuntun.

Ihò kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ lu, kí ẹ lẹ teépù mọ́ ojú ibẹ̀ kí ọ̀dà má bàa ṣí. Irin pẹlẹbẹ lábẹ́, wáṣà fífẹ̀ lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bóòtù á já fáíbà gba inú lọ. Ẹ máa dè wọ́n ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 3 sílẹ̀ yí gíláàsì ká fún rọ́bà: òtútù ọyẹ́ láàárọ̀ àti oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí alumíníọ́mù dúró sójú kan, ó ń wú ju gíláàsì lọ. Omi ọṣẹ ni ẹ fi wọ rọ́bà wọlé, kì í ṣe ọ́ìlì, torí ọ́ìlì ń ba rọ́bà jẹ́.

Gíláàsì kẹta ti wà níbẹ̀ láti ìgbà kajú tó kọjá. Bàbá káfíńtà ni mo kọ́kọ́ gbé dé Ìyàrá, a lọ, a bọ̀. Bí a ṣe délé, kó tó sọ̀kalẹ̀, ó ti yọ okùn rẹ̀ lápò.