Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa ojú awò yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ bá mi fara dà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo awò ojú oníke náà mọ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí kì í hàn lọ́sàn-án, àfi tí iná ọkọ̀ bá tàn sí i lálẹ́. Tèmi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣì ń fi kàwé dáadáa.

Àbúrò mi ló ní òun á bá mi pa á rẹ́. Ó ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọṣẹ ìfọyín ló ń ṣe é. Kí n tó mọ̀, ó ti fi òwú pa á sójú ọ̀tún, ó ń yí i po, ó ń yí i po. Ó ṣan án, ó gbé e fún mi. Lóòótọ́, ìlà ti lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àárín awò ti ṣú, àfi bíi dígí tí wọ́n mí sí. Mo nù ún, kò lọ. Mo fi omi ṣan án, kò lọ. Mo gbé e sábẹ́ iná: àwọ̀ ewé tó máa ń kọ yẹ̀rì lójú rẹ̀ ti ṣí kúrò láàárín, etí nìkan ló kù sí. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n tún fi díẹ̀ sí i.” N kò dá a lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ike awò rọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní polycarbonate, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìbora líle bò ó. Lórí ìyẹn, wọ́n sábà máa ń fi òmíràn tí kì í jẹ́ kí iná kọ sí ojú. Èyí kò nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan ṣoṣo. Ọṣẹ ìfọyín ní hóró kíkúnná tó ń ha eyín. Ìlà kòtò ni. Ọṣẹ kì í dí kòtò, ṣe ló ń ha etí rẹ̀ wálẹ̀. Ìbora ló sì ń kọ́kọ́ ha lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ìbora. Ẹ gbé awò sábẹ́ iná; bí ó bá kọ àwọ̀ ewé tàbí àlùkò, ẹ má fi nǹkan kan ha á. Ìyẹ̀fun sódà náà ní hóró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bí kò bá tilẹ̀ kọ àwọ̀, ó ṣì lè ní ìbora líle, ẹ bi ẹni tó ṣe é.

Kì í ṣe pé ike kì í ṣeé dán o. Mo ti fi ọṣẹ ìdán ike pa ojú aago oníke akiríìlì rí, ó dán gbinrin. Kò ní ìbora ni. Ẹni tó bá ní tòun náà dán, ẹ bi í bóyá ti tirẹ̀ ní ìbora.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sí i kẹ́ ẹ tó nù ún, torí yanrìn inú eruku le ju ike èyíkéyìí lọ. Etí ẹ̀wù kọ́. Asítóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kọ́ pẹ̀lú, ó ń jẹ polycarbonate. Àti ìbora, mo tún ń sọ ọ́: ìbora.

Wọ́n ti pààrọ̀ tèmi. Férémù ò ní nǹkan kan, ojú awò nìkan ni wọ́n yọ. Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra odindi.