Kòkòrò inú, oríkèé ọwọ́, àti oṣù méje tí mo fi ṣòfò

Aránṣọ ni mí ní Ṣómólú. Ó ti lé ní ọdún 17 tí sísọ́ọ̀sì ti ń bọ́ mi, nítorí náà, ọjọ́ tí ìka mi bá kọṣẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ ilé mi náà kọṣẹ́ nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí láàárọ̀ tí ọwọ́ mi méjèèjì á ti gan. Kì í ṣe irú ìrora tí èèyàn ń gbọ́ lára lẹ́yìn tó bá rán aṣọ òwàǹbẹ̀ mọ́jú. Èyí yàtọ̀. Mi ò ní lè di ìka pọ̀ rárá. Á tó wákàtí kan, nígbà mìíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó tú sílẹ̀, omi gbígbóná ni mo sì fi ń bẹ̀ ẹ́ kí n tó lè bá ọmọ mi di bọ́tìnì yúnífọ́ọ̀mù. Àwọn oríkèé ìdí ìka ló wú, tọ̀tún tòsì, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé. Mo ní iṣẹ́ ni. Aránṣọ wo ni ọwọ́ kì í ro?

Bàbá oníkẹ́mísìtì kan wà ní òpópónà wa tó máa ń po oògùn ara ríro sínú ọ̀rá kékeré. Kò ní páálí, kò ní orúkọ: funfun wẹ́wẹ́ méjì, pupa kan, kápúsù aláwọ̀ méjì kan. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Kí n tó gé aṣọ kan tán, ọwọ́ mi á ti rọ̀. Mo lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, lójoojúmọ́, nígbà mìíràn láìtíì jẹun. Ojú mi ń kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń yọ, àwọn oníbàárà ń sọ pé, "Àǹtí, ara yín ń dán o, owó ń wọlé." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé dexamethasone ni funfun wẹ́wẹ́ yẹn, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, òun ló ń wú mi lójú. Piroxicam ló sì wà nínú kápúsù, ó wà lára àwọn oògùn ìrora tó máa ń ba inú jẹ́ jù.

Ọjà Balógun ni àṣírí ti tú. Mo lọ ra léèsì àti láínìn, a ti nájà tán, mo ń ka owó lọ́wọ́ ni òòyì bá kọ́ mi. Ìyá aláṣọ ló sáré gbé àga fún mi. Láti ọjọ́ méjì ni mo ti ń rí i pé ìgbẹ́ mi dúdú, ó sì ń lẹ̀ bí ọ̀dà títì, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí mo jẹ ni mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lo oògùn ìrora tí ìgbẹ́ yín wá dúdú báyẹn, ẹ má jókòó sílé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn nínú.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n sì fi ọpá tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀fun mi wọ inú. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n gé ìwọ̀nba ẹran inú lọ yẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò tí wọ́n ń pè ní H. pylori nínú rẹ̀. Dókítà ní, "Màdáámù, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò yìí ti máa gbé inú yín láti kékeré. Òun nìkan náà lè dá ọgbẹ́ síni nínú. Ẹ̀yin wá lọ gbé oògùn ìrora lé e lórí." Wọ́n ò tiẹ̀ jẹ́ kí n já dexamethasone sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, torí ara tó ti mọ́ ọn lára fún oṣù púpọ̀ lè dákú bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ka ìtàn dókítà ará Ọsirélíà kan, Barry Marshall. Ìrònú àti ásíìdì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ó ń fa ulcer, wọn ò gbà pé kòkòrò ni. Ní 1984, ó po H. pylori sínú ife, ó gbé e mu bí ẹni ń mu àgbo ibà. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi dàrú. Ní 2005, wọ́n fún òun àti Robin Warren, dókítà tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí náà, ní ẹ̀bùn Nobel. Èmi tí mo ti ń gbé tèmi kiri láti kékeré, kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan.

Ọjọ́ 14 ni mo fi lo oògùn, láàárọ̀ àti lálẹ́: omeprazole tó ń dín ásíìdì inú kù, amoxicillin àti clarithromycin tó ń pa kòkòrò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn á jẹ́ kí ẹnu máa ṣe bí ẹni tó ń lá kọ́bọ̀. Mo lò ó tán.

Níbí ni mo ti wá ṣe àṣìṣe tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, àbúrò mi ọkùnrin ló sì fà á láìmọ̀.

Dáńfó ló ń wà, Ojúẹlẹ́gba sí CMS. Lọ́dún tó ṣáájú, ó jẹun níbi ìnáwó kan ní Múṣin, àrunṣu sì mú un fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó lọ, ó gbàgbé ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúnkún òsì rẹ̀ wú bí àgbọn, ọrùn ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ pọ́n. Ní gáréèjì, wọ́n ní ọ̀tá ló da nǹkan sílẹ̀ tó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìyá wa ti gba ààwẹ̀. Dókítà ló bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bi í: "Ǹjẹ́ o yàgbẹ́ gbuuru láàárín bí oṣù kan sí àsìkò yìí?" Wọ́n fa omi orúnkún náà lọ yẹ̀ wò, kòkòrò kankan ò hù níbẹ̀. Dókítà ní inú ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara tó lé kòkòrò lọ ni inú wọn ò tíì rọ̀, tí wọ́n wá kọjú ìjà sí oríkèé. Reactive arthritis ni orúkọ rẹ̀. Salmonella, Shigella, Campylobacter àti Yersinia ni kòkòrò inú tó sábà máa ń fà á. Chlamydia tí èèyàn ń kó níbi ìbálòpọ̀ náà ń fà á. Dókítà bi í nípa ìyẹn náà, àbúrò mi sì ní kí n má kọ ìdáhùn òun síbí. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ó ti padà sídìí ọkọ̀.

Ẹ wá wo èmi. Wọ́n ní mo ní kòkòrò nínú, ọwọ́ mi sì ń wú. Mo ní ọ̀rọ̀ tán: ohun tó ṣe àbúrò mi ló ṣe mí. Oníbàárà mi kan tún gbè mí lẹ́sẹ̀, ó ní òun ti kà á pé H. pylori máa ń wọ egungun lọ, pé tí n bá ti pa á, ọwọ́ á yá. Dókítà inú ní kí n lọ rí dókítà oríkèé, mi ò lọ. Mo ń retí kí oògùn inú dé ọwọ́. Oṣù méje.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí oògùn kòkòrò tán ni wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò. Wọ́n ní kí n fi omeprazole, tí mo ṣì ń lò lọ nítorí ọgbẹ́, sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó wá, torí ó lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀ kí àyẹ̀wò má rí i. (Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe káàkiri ò lè sọ bóyá kòkòrò ṣì wà tàbí ó ti lọ.) Ó ti lọ. Inú mi tutù, mo padà sídìí ẹ̀wà àgányìn. Ọwọ́ ńkọ́? Àtàǹpàkò òsì ti ń tẹ̀. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Làpálàpá ọ̀hún náà yẹ ní pípa o, ó fẹ́ pa mí ní Balógun.

Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni dókítà oríkèé tí mo padà rí. Ó bi mí bí ọwọ́ ṣe ń pẹ́ tó kó tó tú láàárọ̀, ó tẹ oríkèé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tiẹ̀ yẹ eyín mi wò, ó ní àwọn onímọ̀ ń fura sí kòkòrò erìgì nínú ọ̀rọ̀ àrùn yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń wá àmì àrùn náà ló kọ fún mi, RF àti anti-CCP, méjèèjì sì rí àmì náà. Rheumatoid arthritis, àrùn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń bá oríkèé ara wọn jà láìdáwọ́ dúró. Mo ní, "Dókítà, H. pylori yẹn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn oníṣègùn kan ti tọ́jú kòkòrò náà lára àwọn tó ní àrùn oríkèé yìí, wọ́n ní ara àwọn èèyàn náà fúyẹ́. Àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò rí ìyàtọ̀. Torí náà, wọ́n ń pa kòkòrò nítorí inú, wọn kì í pa á nítorí ọwọ́. Ó wá sọ ohun tó wọ̀ mí lára: "Nǹkan bí ìdajì èèyàn ayé ló ní in. Ẹ lọ yẹ gbogbo èrò inú BRT kan wò, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ní in. Ẹni mélòó nínú wọn ni ọwọ́ rẹ̀ ń gan láàárọ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ti àbúrò mi ò jọ tèmi rárá. Tirẹ̀ dé lójijì lẹ́yìn àrunṣu, ó mú orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, kò mú ọ̀tún àti òsì dọ́gba, ó sì lọ. Tèmi yọ́ wọlé, oríkèé kéékèèké ló mú, lápá méjèèjì, kò sì múra àtilọ. Ká ní mo ti lọ ní oṣù kìíní, bóyá àtàǹpàkò mi ò bá ti tẹ̀.

Methotrexate, oògùn tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara, ni mo ń lò báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lò ó lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ọjọ́ Àìkú ni tèmi, ọmọṣẹ́ mi sì ti kọ ọ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì. Mo ń lo folic acid mọ́ ọn lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ mi wò, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ lóyún lórí rẹ̀. Mi ò kì í ṣèèṣì fẹnu kan àgbo ara ríro mọ́, torí àwọn kan máa ń lọ irú funfun wẹ́wẹ́ yẹn sínú rẹ̀.

Bàbá oníkẹ́mísìtì ṣì ń kí mi dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó na ọ̀rá kékeré kan sí mi, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, ọ̀fẹ́ ni tòní." Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ra ọṣẹ ìfọṣọ, mo bá tèmi lọ. Àtàǹpàkò òsì ò nà tán mọ́. Ìka ìlábẹ̀ ni mo fi ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́.