Àmì Tí Mo Fi Sí Ìlà Kẹsàn-án

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà lábẹ́ mi mú ìwé àyẹ̀wò wá fún mi. Ìlà 14 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ti fi àmì sí gbogbo wọn, wéréwéré, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kó gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú, kò lò tó márùn-ún nídìí àpótí iná náà. Mi ò pariwo. Mo kàn jókòó. Ọdún yìí ló pé ọdún 15 tí mo gba ìwé ẹ̀rí oníná, mo sì ti rí irú ìwé àyẹ̀wò yẹn rí. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwé tẹ́ ẹ wá kọ́ṣẹ́, mi ò fẹ́ bá yín jiyàn bóyá iṣẹ́ ọwọ́ dára ju yunifásítì lọ. Ẹ ti yàn, ó parí. Ẹni tó bá ń fojú di yín, ẹ sọ fún un pé ní Switzerland, nǹkan bí ọ̀dọ́ méjì nínú mẹ́ta ló ń gba ọ̀nà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ. Ní Jámánì, láti 1969 ni òfin ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ti wà: ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀, ìyókù nílé ìwé, fún ọdún méjì sí mẹ́ta àbọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní iṣẹ́ àwọn olódo.

Ìmọ̀ràn mi rèé.

Èkíní, ẹ ka ìwé àdéhùn yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ọdún mélòó ni? Ọjọ́ wo ni ti ilé ìwé? Tẹ́ ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ta ni yóò san án? Òfin Jámánì ní kí ọmọ àti ọ̀gá fi oṣù kan sí mẹ́rin dán ara wọn wò ná, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè yẹra. Ẹ wádìí bí tiyín ṣe rí. Èmi ò ka tèmi. Màá padà sórí ìyẹn.

Èkejì, ẹ máa fi ìwé kékeré kan sápò. Ohun tí ọ̀gá bá sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì rí ọ̀gá tínú rẹ̀ dùn sí kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi àmì sí ohun tí ọwọ́ yín ò kàn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, méje ni mo fẹ́ kà fún yín. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀kẹta yìí ni mo há sí, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́.

Ọdún kejì ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ni. A ń pààrọ̀ àpótí tó ń pín iná fún ilé kan tí ìdílé mẹ́fà ń gbé. Fésì mẹ́ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná bọ̀, ló wọlé, ìdílé méjì-méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, níútírà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Èmi ni mo ń so wáyà. Mo ti ki níútírà ńlá náà bọ ihò rẹ̀, mo ti fi ìka yí súkúrù rẹ̀ débi tí wáyà fi dúró, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́ sí sukudíráfà ni ọ̀gá pè mí nísàlẹ̀ pé kí n wá bá wọn gbé wáyà gòkè. Mo lọ. Nígbà tí mo padà dé, wáyà tó kàn ni mo mú.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ iná á ti máa mirí. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì débẹ̀: níútírà ni iná ń gbà padà. Tó bá le dáadáa, 230 fóólítì ni ilé kọ̀ọ̀kan ń gbà. Tó bá já, ńṣe ni àwọn ilé náà á so kọ́ra láàárín fésì kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ 400 fóólítì ló wà níbẹ̀. Ilé tó ń lo iná púpọ̀, iná tirẹ̀ á rọ. Ilé tó ń lo díẹ̀, òun ni àpọ̀jù máa wọlé tọ̀. Wáyà tí kò le kì í sì í jẹ́wọ́. Mo gbé mítà lé e: 230, 230, 230. Mo mú bírò. Ohun tó wà ní ìlà kẹsàn-án ni pé, "Gbogbo wáyà ti le, a ti fà wọ́n wò." Mo fi àmì sí i. Mi ò fa ọ̀kankan wò. Ọ̀gá fọwọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà láì ṣí ìdérí àpótí wò.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, tí gbogbo ilé tan ohun tí wọ́n ní, ìdí súkúrù yẹn gbóná, ó ń ta iná pàràpàrà, ó sì jọ̀wọ́ wáyà. Wọ́n ní gílóòbù ilé kan ń ṣe bàìbàì nígbà tí ti òdìkejì ń mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán, kó tó bẹ́. Fíríìjì mẹ́ta lọ, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin lọ. Lókè pátápátá, ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Èéfín ló rí lẹ́yìn ẹ̀rọ. Wọn ò rí nǹkan kan yọ nínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì.

Nígbà tí ọ̀gá pè mí lórí fóònù lóru yẹn, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti mọ súkúrù tó jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ eyín tó ń ro ó. Mo sì dákẹ́. Odindi ọjọ́ méjì la fi ń bú ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, pé àwọn ló tú iná tó pọ̀ jù sílẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo ń bá wọn bú u. Ọmọbìnrin yẹn wá bá mi lẹ́bàá àtẹ̀gùn, bóyá torí pé a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé wọ́n á lè gba iṣẹ́ mi padà níbẹ̀?" Mo ní, "Bóyá." Títí dòní, "bóyá" yẹn ń dùn mí ju wáyà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, oníná mìíràn ṣí àpótí náà, ó fi ìka kan ṣoṣo fa níútírà jáde, ẹnu rẹ̀ ti jó di èédú.

Níbi ìpàdé, ọ̀gá dìde, wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ṣe é." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì ló wà lórí ìwé náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá wí. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń yọ nínú owó mi. Nígbà tí mo wá jókòó ka àdéhùn mi níkẹyìn, mi ò rí ibi tó fún wọn láṣẹ ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá nígbà yẹn. (Mo ṣì ń pè wọ́n ní "wọ́n". Ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe ìfẹ́.)

Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Michael Faraday fáwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ oníná: ọmọ 14 ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ adìwé ní 1805, tó ń ka ìwé tó ń dì, títí tó fi wá rí i ní 1831 bí mágínẹ́ẹ̀tì tó ń rìn ṣe ń mú iná wá. Ìwé kíkà ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Èmi, ọdún méje tó fi dì ìwé ni mò ń wò. Òwú tí kò bá le, ewé á já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ ti mọ ohun tó le yàtọ̀ sí ohun tó jọ pé ó le. Ẹ máa rò pé mò ń wàásù. Mo ń wàásù.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Mo mú un padà sídìí àpótí, mo ní kó fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò lójú mi. Méjì ò le. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ọ̀gá, ká ní ẹ ò ní ká padà wá ńkọ́?"

Mi ò dá a lóhùn. Fóònù wà létí mi nígbà tó kọ́kọ́ gbé ìwé náà wá, bó sì ṣe nà án sí mi ni mo ti fọwọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ojú mi tó bọ́ sórí àwọn àmì yẹn. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ya á, mo fún un ní òfìfo.