Paramọ́lẹ̀ Kékeré Orí Òkè Nyandarua

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, yìnyín ṣì funfun lórí koríko òkè Nyandarua, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Aberdare, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, bẹ́ẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé kò jìnnà rárá sí ibi tí mo dúró sí. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo wọ̀ lé ara wọn, síbẹ̀ òtútù ti mú ìka ọwọ́ mi kú.

Torí ejò ni mo ṣe wá. Montatheris hindii ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ọdún 1910 sì ni Boulenger, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìbátan paramọ́lẹ̀ tó ń ba àgbẹ̀ ilé wa lẹ́rù ni, ó sì ní oró, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ayé, òkè yìí àti òkè Kẹ́ńyà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n, láti nǹkan bí 2,700 mítà dé 3,800. Agẹmọ, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú mi lọ, àgbàlagbà tí mò ń pè ní Mzee gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, ní kí a jókòó de oòrùn, nítorí ejò yìí kì í jáde bí ara ilẹ̀ kò bá tíì yá. A jókòó títí aago mẹ́wàá fi kù díẹ̀. Bí ìkùukùu ti là ni Mzee di apá mi mú.

“Nyoka, dada. Má gbé ẹsẹ̀.” “Ejò, arábìnrin” ni ó kọ́kọ́ fi èdè Swahili wí.

Ó wà ní ìdí koríko kan tó ṣù, gígùn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi kan àti ààbọ̀ lọ. Àwọ̀ eérú ni, àmì dúdú onígun mẹ́ta sì tò ní ìlà méjì lẹ́yìn rẹ̀, etí ọ̀kọ̀ọ̀kan funfun díẹ̀. Ó tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ bí èlùbọ́ tí a sá sóòrùn. A kò súnmọ́ ọn, nítorí kò sí oògùn apa-oró kankan tí a ṣe fún tirẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ìkùukùu tún padà, ejò náà sì wọ abẹ́ koríko lọ.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a gba ibi tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó kọjá. Ejò pẹ̀tẹ́lẹ̀ lè sá lọ sí oko ẹlòmíràn; èyí kò ní òkè mìíràn tí yóò sá gùn, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Mzee fi ọ̀pá rẹ̀ tú ìdí koríko kan wò. Eérú ló kún inú rẹ̀.