Ẹ yéé ra ìrẹsì inú páálí kékeré

Tó o bá ń gbé nílùú tí owó ilé ti ń gbé ìdajì owó oṣù lọ, tó o tún wá fẹ́ràn oúnjẹ àwọn ará Asia bíi tèmi, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ ká sọ̀rọ̀.

Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ kọ́ lo ti máa ra soy sauce, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, o. Wọ́n á kó gbogbo Asia jọ sórí sẹ́ẹ̀fù kan ṣoṣo, ìgò tín-ín-tín bí ìgò oògùn ikọ́, ìrẹsì tí ò lè yó ẹni méjì, wọ́n á wá lẹ owó gọbọi mọ́ ọn. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Asia fúnra wọn, kódà tó bá gba kó o wọ bọ́ọ̀sì. Èyí tó o bá ti rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń wọ́ báàgì onítáyà jáde níbẹ̀, wọlé, àwọn yẹn ò lè rajà ọ̀wọ́n láéláé.

Tó o bá débẹ̀, má wo owó tí wọ́n kọ gàdàgbà, iye tí kílò kan jẹ́ ni kó o wò, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ wínníwínní sísàlẹ̀. Ìrẹsì àpò kílò 10 ló máa ń dáa jù lówó. Jasmine ti Thailand, basmati ti India àti Pakistan, èyí tó kúrú tó máa ń lẹ̀ pọ̀ ni tàwọn ará Japan àti Korea, mú èyí tó bá ohun tó o fẹ́ sè mu. Tó o bá ń dá gbé, ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ ẹ dáwó, kẹ́ẹ pín in, kẹ́ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí tó le dáadáa nítorí kòkòrò.

Ọ̀rọ̀ soy sauce wá gba sùúrù díẹ̀. Yí ìgò ẹ̀ pa dà kó o ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ omi, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà àti iyọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n jẹ́ kó kan fún oṣù mélòó kan nìyẹn, òórùn ẹ̀ nìkan á sọ fún ẹ. Òmíràn wà tí wọ́n fi ásíìdì ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n wá da kárámẹ̀ sí i kó lè dúdú, kò pa èèyàn o, ṣùgbọ́n mi ò lè fi owó mi rà á. Nínú tàwọn ará China, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́ ló máa ń níyọ̀ jù, dúdú tó ki yẹn, àwọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, nítorí náà rọra máa dà á.

Àwọn kan tún ń ta páúdà adùn inú ìgò olówó ńlá, ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Ajinomoto tí gbogbo ayé mọ̀ ti wà lọ́jà látọdún 1909, ọdún kan lẹ́yìn tí Kikunae Ikeda, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, rí adùn yẹn nínú kombu, ewéko inú òkun, kò sì wọ́n rárá.

Ewé tútù ló ń jẹ owó jù, torí bàálù ló sábà máa ń gbé e wá. Fíríìsà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni kó o lọ ṣí, koríko ọba wà níbẹ̀, galangal, gbòǹgbò tó jọ ata ilẹ̀, wà, ewé lime wà, tó bá ti jẹ́ inú ìkòkò ló ń lọ, dídì ò dí i lọ́wọ́. Kódà tofu tó le, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, tó o bá jẹ́ kó dì kó o tó yọ́ ọ, á ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, á sì máa fa ọbẹ̀ mu bíi kàìnkàìn. Miso, ẹ̀wà sóyà lílọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó kan, ní tiẹ̀, fíríìjì ló ń gbé, á sì pẹ́ dáadáa.

Ibi ìpápánu, bísíkíìtì àti àwọn ohun mímu aláràbarà yẹn, yára kọjá, ibẹ̀ lowó ti ń jò. Béèrè ọjọ́ tí ẹ̀fọ́ tuntun máa ń wọlé lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sọ fún ẹ. Kó o sì mú owó bébà díẹ̀ dání o, àwọn kan kì í gba káàdì tí ọjà ẹ ò bá tíì tó iye kan.